Ẹni Tó Tú Pọ́ǹpù Wa

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù karùn-ún

Ẹnu mi ló kó bá mi lónìí. Láti ilé ni mo ti pinnu pé tí mo bá dé ìpàdé àwọn onílé, màá jókòó, màá gbọ́, màá sì padà sílé. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀wálé, ló mú ìròyìn wá pé kọ́ọ̀tù ti dájọ́ Ṣàràfá. Wọn ò jù ú sẹ́wọ̀n. Adájọ́ ní kó máa wá ṣiṣẹ́ ìlú fún oṣù mẹ́ta ní Lotto, àdúgbò wa ní Mowe níbí gan-an, níbi tó ti jalè, bí àdúgbò bá lè yọ ẹnì kan tí yóò máa mójú tó o pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ariwo sọ. Alága ní, "Ẹni tó tú pọ́ǹpù ẹ̀rọ omi wa, tó fi wá sínú ìyà omi láti oṣù kejì, òun ni kó wá máa họ koríko níwájú wa?" Ẹnì kan ní kí wọ́n dá a padà fún ọlọ́pàá. Òmíràn ní òun ò fẹ́ rí ojú ẹ̀ rárá.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ní, "Tí wọ́n bá tì í mọ́lé, ṣé pọ́ǹpù yóò padà wá ni? Ó kéré tán, kó wá kó ìdọ̀tí gọ́tà."

Gbogbo ojú yí sí mi. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ máa mójú tó o."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n lè máa sun oorun ọ̀sán.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù karùn-ún

Lẹ́yìn ìsìn, mo yà sọ́dọ̀ Alhaja Jamilah, ilé kẹta sí tèmi. Ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó gbọ́ ọ níta. Òun ni ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yìí dùn jù. Ọ̀sẹ̀ tí omi lọ ló ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti kànga ìsàlẹ̀, ó yọ̀ ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn báyìí, èmi ni mo sì ń bá a na ẹsẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́.

Ó gbọ́ mi dé òpin, ó ń ja tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ ti gba iṣẹ́, ẹ máa ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ yẹn níwájú ilé mi."

Mo ní mo gbọ́. Bí mo ṣe ń jáde ni mo rántí pé gọ́tà kan náà ló gba iwájú ilé gbogbo wa kọjá.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù karùn-ún

Madam Rosemary mú un wá láàárọ̀. Òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n ń pè ní ọgbà àtúnṣe báyìí, ni obìnrin náà, ṣùgbọ́n àwọn tí kọ́ọ̀tù ní kí wọ́n jìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn níta ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kò ga, kì í pariwo, bàtà òjò ló wọ̀. Ṣàràfá tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó tutù.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Kì í ṣe àlejò sí mi. Òun ni púlọ́ńbà gbogbo òpópónà yìí. Òun ló gbé pọ́ǹpù yẹn sílẹ̀ nígbà tí a rà á, òun náà ló sì ń tún un ṣe. Nígbà Kérésì tó kọjá, ó wá tún síǹkì mi ṣe, mo tẹ ẹ̀bà fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ọbẹ̀ mi dùn ju ti ìyá òun lọ. Ìyẹn gan-an ló ń dun àwọn ènìyàn. Bó bá jẹ́ àjèjì ló jà wá lólè, inú ì bá ti rọ̀ wá.

Madam Rosemary to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwa méjèèjì. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, yóò ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán: gọ́tà, koríko, àyíká ilé ìwòsàn kékeré wa. Lọ́jọ́bọ̀, yóò lọ sí Ìfọ̀, níbi tí ìmáàmù kan àti pásítọ̀ kan ti jọ ń kó àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́ jọ. Lọ́jọ́ tí kò bá yọjú, kí n pe òun lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Bí òfófó ni yóò ṣe rí lára yín, mà. Kì í ṣe òfófó. Tí mo bá tètè gbọ́, èmi ni màá wá a. Tí mo bá pẹ́ gbọ́, ọlọ́pàá ló máa wá a."

Ọjọ́rú, 7 oṣù karùn-ún

Òjò láti ìdájí. Ó wá. Kò sí ẹni tó kí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù karùn-ún

Ó ti kó ìdọ̀tí gọ́tà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Obìnrin kan jáde, ó da ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sínú ibi tí Ṣàràfá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó tán, ó sì dúró kó lè rí ohun tí yóò ṣe. Ṣàràfá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà á. Mo pariwo mọ́ obìnrin náà.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mà," ni Ṣàràfá wí. "Ó tọ́ sí mi."

"Ta ló ń sọ tìẹ? Gọ́tà ni mo ń sọ."

Obìnrin náà wọlé. Ṣàràfá fi apá nu ojú, ó sì jọ pé ẹ̀rín ló fi pamọ́ síbẹ̀.

Ọjọ́rú, 14 oṣù karùn-ún

Mo gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà fún un lẹ́yìn iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Mo ní èmi kì í bá ẹni tí ebi ń pa sọ̀rọ̀, ó sì gbà á. Mo wá bi í pé kí ló dé gan-an.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni, mà. Mo jẹ nígbà àkọ́kọ́. Jíjẹ yẹn gan-an ló jẹ mí."

Irinṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ tà, lẹ́yìn náà tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ lọ sára pọ́ǹpù, nítorí ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹnì kan tí kò bi í léèrè ohunkóhun ló rà á ní Àgbàdo. Nígbà tí wọ́n mú un, onílé lé wọn jáde ní Lotto níbí. Yàrá ìyá rẹ̀ ní Òkè-Arò ni òun, Mọ́fẹ́yìsára ìyàwó rẹ̀, àti ọmọbìnrin wọn há sí báyìí. Ibẹ̀ ló ti ń wọ mọ́tò, yóò bọ́ sílẹ̀ ní Bẹ́gà, yóò tún wọ òmíràn wá sí Mowe.

"Ṣé o ṣì ń ta tẹ́tẹ́?"

"Rárá, mà."

Ìdáhùn yẹn yá jù. Mo ti gbọ́ irú "rárá" bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn aláìsàn tó ní àwọn ti lo oògùn.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù karùn-ún

Kẹ́ẹ̀gì omi kan ti di igba náírà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ruwà tó ń tà á kiri. Àwọn onílé ń dá owó pọ́ǹpù tuntun. Ṣàràfá gbọ́, ó ní òun lè bá wọn gbé e sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Alága. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé ká tún gbé ẹran fún ajá ṣọ́ ni?"

Mi ò jiyàn. Èmi náà kì bá tí gbà.

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù karùn-ún

Kò wá. Oòrùn ràn dáadáa, kò sí òjò tí yóò fi ṣe àwáwí. Mo pè é, fóònù kò lọ. Mo sọ fún ara mi pé mọ́tò ló bàjẹ́. Ọ̀sán pọ́n, mo ní bóyá ọmọ rẹ̀ ni ara rẹ̀ kò dá. Alága kọjá, ó wo gọ́tà, ó wo ojú mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo gbé fóònù láti pe Madam Rosemary, mo gbé e sílẹ̀. Mo bu omi mu. Mo tún gbé e. Ọmọ tó jẹun nínú ilé mi ni mo fẹ́ fi ẹnu ara mi fà lé ìjọba lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, kì í ṣe òun ni mo dákẹ́ fún, ara mi ni, kó má baà bínú sí mi.

Mo pe Madam Rosemary kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́.

Ọjọ́rú, 28 oṣù karùn-ún

Madam Rosemary fúnra rẹ̀ lọ sí Òkè-Arò. Òun àti Mọ́fẹ́yìsára ni wọ́n jọ wá a kiri. Ní Àgbàdo ni wọ́n ti rí i, nítòsí ojú irin rélùwéè, ó jókòó sórí àpótí níta ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kan. Kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí fóònù. Ó ti fi méjèèjì ta tẹ́tẹ́. Ó ní láti ọjọ́ Àìkú ni ojú ti ń ti òun láti padà sílé, tí ojú sì ń ti òun láti wá sí Lotto.

"Ṣé wọ́n á tì í mọ́lé?" ni mo bi í lórí fóònù.

"Adájọ́ ló máa sọ, mà. Wọ́n ti pè wá fún ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀yin náà wá."

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù karùn-ún

Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ìsìn ìdúpẹ́. Kọ́ọ̀tù gbóná, fáànù ń yí láìfẹ́ afẹ́fẹ́. Adájọ́ bi mí pé irú òṣìṣẹ́ wo ni Ṣàràfá. Mo ní òṣìṣẹ́ gidi ni, lọ́jọ́ tó bá wá. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ lọ́dọ̀ wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun kò gbọ́, kí n tún un sọ, mo tún un sọ.

Ó fi oṣù kan kún ìjìyà rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún un pé tó bá tún pa iṣẹ́ jẹ, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni yóò ti parí èyí tó kù.

Níta, ìyá Ṣàràfá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Àjíbíkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, kò dàgbà jù mí lọ. "Ẹ̀yin lẹ fa ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́?"

"Èmi ni."

Ó pòṣé, ó yí ojú sí ọ̀nà. Ṣàràfá ń wo ilẹ̀. Mo padà sí Mowe, mo sì mu ẹ̀kọ gbígbóná.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà

Nígbà tí mo jáde síta, ó ti wà nínú gọ́tà. Ó kí mi bí ẹni ń kí ọlọ́pàá.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹfà

Iléyá. Kò sí iṣẹ́. Alhaja fi ẹran ránṣẹ́ sí mi, èyí tó lọ́ràá, bó ṣe mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo lọ kí i. Lọ́jọ́ Iléyá èṣí, orí ìdúró ló ti ń pín ẹran fún gbogbo òpópónà. Lónìí, orí àga ló ti ń nàka sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbé ti ilé báyìí, kí wọ́n gbé ti ilé ọ̀hún. Kò ráhùn. Ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹfà

Nígbà tí Ṣàràfá ń fọ ṣọ́bìrì, ó ní, "Mà, ìyàwó mi ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó gbé ṣọ́bìrì kalẹ̀. "Èmi ṣì ń bínú, mà."

"Ó dáa. Máa bínú, máa kó gọ́tà."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo wọlé tán.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹfà

Òjò tó rọ̀ lánàá kò ṣeé fẹnu sọ. Lọ́dọọdún, irú òjò báyìí ló ń gbé bàtà wa kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Èyí kò gbé nǹkan kan. Mo dúró sójú fèrèsé, mo ń wo bí omi ṣe ń sáré gba inú gọ́tà lọ bí ẹni tó mọ ilé rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni omi ti kún, iwájú ilé Alága, nítorí láti ọjọ́ kìíní ló ti ní kí Ṣàràfá má fọwọ́ kan ibẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, Alága ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún, ó wọ́dò wá bá wa. Kò wo ojú Ṣàràfá. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún un kó bọ́ síwájú ilé mi lọ́jọ́rú."

"Ó ń gbọ́ yín, Alága."

Ó tún ṣòkòtò rẹ̀ ká. "Ṣàràfá, bọ́ síwájú ilé mi lọ́jọ́rú."

"Ó dáa, sà."

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹfà

A dé iwájú ilé Alhaja. Kò sí bí a ṣe lè fò ó. Mo sọ fún Ṣàràfá kó ṣiṣẹ́ láìfọhùn, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, ṣọ́bìrì nìkan ló ń dún. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo ń bá Alhaja na ẹsẹ̀, ó ní òun rí i lójú fèrèsé.

"Ọmọ yẹn ti gbẹ," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ mú un wá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi í."

Mo pe Madam Rosemary. Ó ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n a kì í kù gììrì sí i. Òun á kọ́kọ́ bá Alhaja jókòó, òun á bá Ṣàràfá náà jókòó. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá fẹ́, kò ní ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kẹfà

Ó ṣẹlẹ̀ lónìí, nínú pálọ̀ Alhaja. Àwa mẹ́rin péré: òun, Ṣàràfá, Madam Rosemary, èmi. Madam Rosemary ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo, àti pé ẹni tó bá ti sú lè ní kí á dá a dúró. Ṣàràfá kọ àga, ilẹ̀ ló jókòó sí.

Alhaja tún ìborùn rẹ̀ wé. "Ṣàràfá."

"Mà."

"Lọ́jọ́ tí o tú pọ́ǹpù yẹn, ta ni o rò pé yóò lọ pọnmi láàárọ̀ ọjọ́ kejì?"

Mo rò pé yóò sọ pé ẹbí òun, pé èṣù, pé ebi.

"Mi ò ro ẹnikẹ́ni, Alhaja. Ká ní mo ro ẹnì kan, ǹ bá má lè ṣe é."

Alhaja mi orí. "Òótọ́ lo sọ. Jókòó síbẹ̀, kí o máa wò mí. Kí ẹnikẹ́ni má ràn mí lọ́wọ́."

Ó gbá irin rẹ̀ mú, ó dìde. Ó rìn láti ìdí àga rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Irin á ṣíwájú, ẹsẹ̀ tó dára á tẹ̀lé e, á wá wọ́ ẹsẹ̀ kejì bọ̀, á sì dúró mí. Ibi tí ọmọdé yóò fò kọjá lẹ́ẹ̀kan ni. Ní agbedeméjì, ó fi ọwọ́ kan di kọ́tìnì mú, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ṣàràfá fẹ́ dìde. Madam Rosemary fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó padà jókòó. Èmi tí mo ti rí oríṣiríṣi nínú iṣẹ́ mi, ilẹ̀ ni mo ń wò. Alhaja dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, ó sì tún rìn ín bọ̀. Nígbà tó jókòó, òógùn ti mú aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Bí mo ṣe ń lọ yàgbẹ́ nìyẹn," ló wí. "Bí mo ṣe ń lọ kírun nìyẹn."

Ṣàràfá ti dojú bolẹ̀. "Alhaja, ẹ foríjì mí."

"Mi ò tíì dé ibẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n wá kan irin tí ẹ ó máa dì mú mọ́ ara ògiri. Lọ́nà yìí, àti nínú balùwẹ̀."

"Rárá. Mi ò pè ẹ́ wá ṣiṣẹ́. Mo pè ẹ́ wá wò ni."

Lẹ́yìn náà, èmi àti Madam Rosemary dúró lẹ́bàá ọ̀nà, a ń jẹ àgbàdo sísun. Ó ní ìpàdé náà lọ dáadáa.

"Ibo ló ti lọ dáadáa?" ni mo bi í.

"Kò sí ẹni tó purọ́, mà."

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kẹfà

Ṣàràfá wá, ó ṣiṣẹ́, kò fẹ́ jẹun. Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù keje

Pọ́ǹpù dé! Gbémiga, púlọ́ńbà láti Ìbàfò, ló wá gbé e sílẹ̀. Ṣàràfá ti gbẹ́ ilẹ̀ tí páìpù yóò gbà kọjá láti àná. Ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ó wá, ó dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn kí gbogbo wa lè mọ̀ pé kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Nígbà tó kù kí wọ́n sọ páìpù ìkẹyìn kalẹ̀, Gbémiga ní òun ń fẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, kó má baà yọ̀ bọ́ sínú kànga. A mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó họ orí.

"Ṣàràfá, wá dì í mú."

Omi tú jáde, ó kọ́kọ́ pọ́n, ó wá mọ́. Àwọn obìnrin ho yèè, àwọn ọmọ bọ́ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Ṣàràfá ti ń lọ sí òpin òpópónà, ẹrẹ̀ sì wà lára rẹ̀ dé ìgbáròkó. Mo pè é padà kó wá fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo Alága. Alága ń wo omi. Ó wá fọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù keje

Madam Rosemary pè. Ó ní Ṣàràfá sọ̀rọ̀ ní Ìfọ̀ lónìí fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sọ ọ́ títí tí pásítọ̀ fi gbàgbé oúnjẹ rẹ̀. Ó ní Gbémiga náà fẹ́ máa mú un lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta. Mo bi Gbémiga lórí fóònù bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Mà, mò ń ka páìpù mi ká tó jáde, mo sì ń kà á tí a bá dé," ló dáhùn. "Ó mọ̀ pé mò ń kà á. Ó máa ń bá mi kà á."

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù keje

Alhaja yọ̀ nínú balùwẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ara ògiri ló fẹ̀yìn tì. Mo gbàgbé láti wọ bàtà nígbà tí wọ́n wá pè mí. Mo yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tó mí tán, ó ní, "Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó mú irin wá. Ṣùgbọ́n owó irin, owó iṣẹ́, èmi ni màá san án. Mi ò fẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù keje

Ṣàràfá kan irin mọ́ ògiri lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀: ọ̀nà pálọ̀, ẹnu ọ̀nà, balùwẹ̀. Alhaja jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Ṣàràfá ṣe é tán, Alhaja dìde, ó fi gbogbo ara rẹ̀ fà á.

"Ó le," ló wí. Ó san owó rẹ̀. Ṣàràfá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kò kọ̀ ọ́. Ó ṣe dáadáa tí kò kọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, 20 oṣù kẹjọ

Ọ̀rọ̀ tuntun. Ṣàràfá fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ padà wá sí Lotto. Iṣẹ́ ti ń wọlé níhìn-ín, owó ọkọ̀ láti Òkè-Arò sì ń jẹ gbogbo èrè rẹ̀. Baba Lásúnkànmí, ọ̀kan nínú àwọn onílé, ní yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ní òun á fún un bí àwọn onílé bá fọwọ́ sí i. Mo bá Alága sọ ọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ lọ́tọ̀, ibùgbé lọ́tọ̀." Ó di ìpàdé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 oṣù kẹjọ

Gbogbo wa ti jókòó kí Alhaja Jamilah tó dé. Ó rìn wá. Láti ilé rẹ̀ títí dé abẹ́ igi tí a ti ń ṣèpàdé, òun àti irin rẹ̀, a sì ń wò ó bọ̀ títí. Àwọn ọ̀dọ́ dìde fún un. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, kò tíì wá sí ìpàdé kankan.

Mo ti sọ tèmi, Madam Rosemary náà ti sọ tirẹ̀. Ó ní ọ́fíìsì àwọn yóò ṣì máa bẹ Ṣàràfá wò lóòrèkóòrè, tó bá gbà. Àwọn kan ní ẹni tó ti jalè lẹ́ẹ̀kan ti mọ ọ̀nà. Àwọn kan ní òun ló gba òpópónà lọ́wọ́ omi òjò. Alága wá yí sí Alhaja. Mo mọ̀ pé ó dá a lójú pé ẹ̀yìn òun ni yóò wà.

"Alhaja, ẹ̀yin lẹ jìyà jù. Ọ̀rọ̀ yín la máa tẹ̀lé. Ṣé ẹ ti dárí jì í?"

"Rárá," ni Alhaja wí.

Ṣàràfá dúró lẹ́yìn pẹ̀lú Mọ́fẹ́yìsára, mo sì rí i tí ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú.

"Mi ò tíì dárí jì í tán," Alhaja ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Tí òtútù bá mú ní ìdájí, ìbàdí mi ń pariwo orúkọ rẹ̀. Mò ń dárí jì í díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ń rìn yẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lé e kúrò níbí, ta ni yóò máa wo ohun tó ń ṣe lọ́hùn-ún? Ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Ẹni tó ṣẹ̀ mí, ibi tí ojú mi tó o ni mo fẹ́ kó máa gbé."

Baba Lásúnkànmí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Alága ní kí ẹni tó bá gbà na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ tó ga pọ̀ ju èyí tí kò ga lọ. Obìnrin tó da ìdọ̀tí sí gọ́tà lọ́jọ́sí na tirẹ̀ dé èjìká, ó ń wò yíká. Alága kò na ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ní, "Ó ti bọ́ sí i. Kó máa bọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù kẹsàn-án

Iṣẹ́ ìjìyà parí. Madam Rosemary wá, ó bọ Ṣàràfá lọ́wọ́, ó bọ èmi náà lọ́wọ́. Ṣàràfá fọ ṣọ́bìrì, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ní kó dìde, ilẹ̀ tutù.

"Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

"Ó ku díẹ̀, mà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù kẹsàn-án

Wọ́n kó ẹrù wọn dé lọ́sàn-án. Kò pọ̀: ibùsùn kan, àwọn ìkòkò, báàgì aṣọ, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tí ìyá Ṣàràfá ní kí wọ́n máa lò. Mọ́fẹ́yìsára lọ kí àwọn ilé ní ìkúnlẹ̀, láti ọwọ́ òkè wá. Àwọn kan dáhùn dáadáa, àwọn kan kàn dáhùn. Ọmọ wọn ti rí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré tẹ́lẹ̀, a ò tún fojú kàn án mọ́.

Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló fa wàhálà. Ó wúwo, ẹnu ọ̀nà Baba Lásúnkànmí tóóró, awakọ̀ sì ti gba owó rẹ̀ lọ. Ṣàràfá gbé orí kan, orí kejì ń wọ́ nílẹ̀. Alága ń bọ̀ láti òkè, ó wọ aṣọ funfun, ó jọ pé òde ló ń lọ. Ó dúró, ó wò wọ́n. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbá orí kejì mú.

Wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, wọ́n yí i sí òsì, wọ́n sì gbé e wọlé.